Mọ́tò Tó Ń Mí

Páálí tún gbẹ. Nọ́ọ̀sì fà á jáde lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn. Kò sí ẹ̀kán omi kan lórí rẹ̀, àfi ojú ẹsẹ̀ ológbò aládùúgbò. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀. Omi ti dín.

Ó dúró, ó ń rò ó. Nílé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń wọn omi tó bá wọ inú aláìsàn, wọ́n á sì wọn èyí tó bá jáde. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, a jẹ́ pé omi ń sá pamọ́ síbi tí kò yẹ kó wà, wọn kì í sì í sinmi títí wọ́n á fi rí ibẹ̀. Lójú tirẹ̀, mọ́tò kò yàtọ̀. Omi tó bá ti kúrò níbì kan ti wà níbòmíràn.

Mọ́tò àbúrò rẹ̀ ni. Àìsàn èémí tó ti ń bá ọmọkùnrin náà fà á láti kékeré ló pa á nígbà òjò tó kọjá, nílé ìwòsàn yẹn gan-an, lójú Nọ́ọ̀sì. Kò níyàwó, kò bímọ. Ohun tó fi sílẹ̀ kò ju aṣọ díẹ̀, rédíò kan, àti mọ́tò yìí tó ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wa mọ́tò lóde òní lọ. Wọ́n wọ́ ọ wá sí ẹ̀yìnkùlé Nọ́ọ̀sì, sábẹ́ òrùlé páànù tí kò ní ògiri. Ìyá wọn kó àpótí rẹ̀ tẹ̀lé e. Ó ní ibi tí mọ́tò ọmọ òun bá wà lòun náà máa wà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyá kò jẹun. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bínú sí i, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó kàn ń wo oúnjẹ bí ẹni ń wo àlejò tí kò mọ̀ rí ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Nọ́ọ̀sì lọ tan ẹ́ńjìnnì kí bátìrì má baà kú. Ìyá jáde wá, ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó sí àyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀, níbi tó máa ń wà tí ọmọ rẹ̀ bá ń gbé e jáde. Ó pẹ́ kó tó sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó béèrè oúnjẹ.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ alẹ́, mọ́tò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, kí Ìyá sì jókòó nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí bátìrì kọ̀, Ìyá febi sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún kọ oúnjẹ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ omi yìí fi ká Nọ́ọ̀sì lára. Bí ẹ́ńjìnnì ògbólógbòó bá gbóná láìsí omi, ó máa kú ni, kò sì sẹ́ni tó máa jí i. Bó bá kú, Nọ́ọ̀sì kò mọ ohun tí òun tún máa fi bọ́ ìyá òun.

"Nọ́ọ̀sì mọ́tò!" Ohùn Dírẹ́bà ló dún lórí ògiri. Aládùúgbò wọn ni. Ó ti fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ akẹ́rù, kò sì níṣẹ́ kan báyìí ju kó máa wo iṣẹ́ ẹlòmíràn lọ. "Aláìsàn wa ńkọ́? Ṣé ó sùn dáadáa?"

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Omi tún ti dín, ilẹ̀ sì gbẹ."

"Hẹn-ẹn. Mọ́tò tó ń mu tí kì í tọ̀!"

"Ohun tó bá ń mu tí kì í tọ̀, á jẹ́ pé ó ń wú níbì kan."

"Ibo ni mọ́tò ti ń wú? Táyà?" Ó rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ títí ó fi wúkọ́. "Gbọ́, fa gééjì ọ́ìlì yọ. Bí omi bá ti wọnú ọ́ìlì, wàá rí i, á funfun bíi wàrà. Lẹ́yìn ìyẹn, tan án, kó o wo sàláńsà. Bó bá ń tú èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń mu ún. Bó bá jẹ́ ìyẹn ni, ká má tan ara wa, ká dágbére fún un ni."

Nọ́ọ̀sì ṣe bó ṣe wí. Ọ́ìlì dúdú, kò sí funfun kankan níbẹ̀. Sàláńsà kò tú ju èéfín díẹ̀ tó máa ń tú láàárọ̀ lọ. Ó mú aṣọ funfun, ó fi nu gbogbo họ́òsì lọ́kọ̀ọ̀kan, abẹ́ kílíìpù, ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀, ìdí ẹ̀rọ tó ń ti omi kiri. Eruku nìkan ló bá aṣọ wá. Kúláǹtì, omi aláwọ̀ ewé tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, ló wà nínú mọ́tò náà. Bó bá ti jò níbẹ̀, aṣọ funfun ì bá fi hàn.

"Kò sí," ó wí.

"Kò lè má sí," ni Dírẹ́bà dáhùn. "Àfi bí ẹni tó ni ín bá ń wá mu ún." Bó ti sọ ọ́ tán ló rántí ẹni tó ni ín. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Jọ̀ọ́, má bínú. Ẹnu mi yìí ni."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá ké sí i láti inú mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, fáànù ń fẹ́.

"Wọlé, kó o ti ilẹ̀kùn."

Nọ́ọ̀sì jókòó sídìí sitiarín. Ó níṣẹ́ tó ń ṣe ní kíṣìnnì, kò sì fẹ́ràn kí epo máa jó lásán, ṣùgbọ́n ohùn Ìyá rọ̀ ju bó ṣe gbọ́ ọ láti ìgbà òjò lọ.

"Wo gíláàsì," ni Ìyá wí.

Ìkùukùu ń gun gíláàsì iwájú. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń gòkè bọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹnu sún mọ́ dígí tó sì mí sí i.

"Ọ̀rinrin ni, Màámi. Òjò rọ̀ lánàá."

"Dákẹ́. Gbọ́."

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ohun kan ń mí. Ó fà á wọlé pẹ̀lú ìró tín-ín-rín, híìì, ó dúró, ó tú u jáde, omi sì ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì mọ ìró yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé ló ti ń gbọ́ ọ láti orí ẹní kejì, nígbàkigbà tí òtútù bá mú. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ilé ìwòsàn ló ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Òórùn kan tún wà nínú mọ́tò náà, ó dùn bíi ṣúgà tí wọ́n gbé kaná, ó sì dà bí òórùn oògùn olómi tí wọ́n máa ń fún àbúrò rẹ̀ mu nígbà náà.

"Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ìró kan."

"Ìró kan!" Ìyá sín in jẹ. "Èmi tí mo bí i, mo mọ̀ ọ́n. Máa lọ sí kíṣìnnì rẹ. Ó ti rẹ ọmọ mi, jẹ́ kó sinmi."

Nígbà tí Ìyá na ọwọ́ láti gba àwo oúnjẹ, Nọ́ọ̀sì rí i pé ó fi aṣọ wé ọwọ́ ọ̀tún.

"Kẹ́tùlù ni," ni Ìyá wí kí wọ́n tó bi í.

Nọ́ọ̀sì tú aṣọ náà, ó fọ ojú ibẹ̀, ó fi oògùn sí i. Omi gbígbóná tó bá dà láti ẹnu kẹ́tùlù máa ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ ni. Èyí ta sókè, láti àtẹ́lẹwọ́ títí dé ọrùn ọwọ́. Ó rí i, kò bi í léèrè, nítorí Ìyá ń jẹun lọ́wọ́, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun dá a dúró.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó fi gègé dúdú fa ìlà sára ike omi, níbi tí omi dé gẹ́lẹ́. Kò bù kún un. Ó fẹ́ mọ bó ṣe ń dín sí. Inú báàgì rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà títí ó fi padà dé. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Omi ti gòkè kọjá ìlà.

Ó nu ara ike náà. Ó wò ó láti òkè, ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ́ńjìnnì tutù bí òkúta, nítorí náà kì í ṣe ooru ló gbé omi sókè. Ó fa ìlà mìíràn. Lọ́jọ́ kejì, omi tún gòkè, àwọ̀ ewé rẹ̀ sì ti ń ṣá. Omi tó ń lọ láìsí ihò ti tó kó ìdààmú bá èèyàn. Èyí tó ń bọ̀ láìsí ẹni tó bù ú kò jẹ́ kí Nọ́ọ̀sì lè dúró síbẹ̀ pẹ́. Ó sáré ti bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn onílé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ bomi sí mọ́tò?" ó béèrè lórí ògiri.

"Èmi? Èmi tí orókùn mi ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí ọ́ìlì, ni mo máa fo ògiri yìí?" Àwàdà ni, ṣùgbọ́n Dírẹ́bà kò rẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, kí n bá ọ sọ òótọ́. Lọ́sàn-án tó o bá ti lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń gbọ́ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn ń dún. Ó ṣí, ó pa dé. Mi ò yọjú."

"Kí ló dé tẹ́ ò yọjú?"

"Bí mo bá yọjú ńkọ́, tí mi ò rí ẹnì kankan?"

Nọ́ọ̀sì bojú wẹ̀yìn wo mọ́tò. Ìyá nìkan ló máa ń wà nílé lọ́sàn-án, Ìyá kò sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rí láyé rẹ̀. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, ìgbà tí ọmọ rẹ̀ wà, ó máa ń sọ pé ohun tó wà lábẹ́ irin yẹn kò kan òun, bó ti lè gbé òun débi tí òun ń lọ.

Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, nígbà tí Ìyá ń sùn lọ́sàn-án, Nọ́ọ̀sì gbá inú mọ́tò. Ó gbé ẹní rọ́bà tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Ìyá kúrò, ó fọwọ́ tẹ kápẹ́ẹ̀tì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ rì sínú omi. Ó tẹ aṣọ funfun mọ́ ọn. Aṣọ náà mu àwọ̀ ewé ṣíṣá, ó ń yọ̀, ó sì ń ta òórùn ṣúgà yẹn. Ó fi ìka fa gíláàsì iwájú. Ó ń yọ̀ bákan náà.

Ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ sì yé e. Hítà ni. Lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, rédíétọ̀ kékeré kan wà tí omi gbígbóná máa ń gbà kọjá kí fáànù lè fẹ́ atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú mọ́tò. Ìpẹtà ti dá ihò lu ìyẹn. Omi tó ń tibẹ̀ jáde ń di ìkùukùu lórí gíláàsì, ìyókù ń ṣàn sínú kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn, kápẹ́ẹ̀tì sì ń fà á mu, ìyẹn ni kò fi kán sórí páálí. Bí omi bá sì ti ń jáde, atẹ́gùn ń wọ àyè rẹ̀; òun ló ń hó, òun ló ń ṣe híìì. Kò sí ohun tó ṣẹ́ kù tí kò ní àlàyé, àfi ẹni tó ń bomi sí i. Ó yẹ kí ara tù ú. Ara kò tù ú.

Kì í sọ pé ohun báyìí ló ń ṣe aláìsàn láìtíì dán an wò. Ó wá kílámùbù méjì, irin tí àwọn káfíńtà fi ń di pákó mú, ó fi fún họ́òsì méjèèjì tó ń gbé omi lọ sínú hítà títí omi kò fi lè kọjá. Bí gíláàsì bá mọ́ ní ìrọ̀lẹ́, òun ti rí i.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó tan ẹ́ńjìnnì, Ìyá wọlé jókòó, òun sì lọ sí kíṣìnnì. Ó ń gé àlùbọ́sà, ó ń wo mọ́tò lójú fèrèsé. Gíláàsì mọ́ kedere. Ó ń rí orí Ìyá láàárín rẹ̀, ó rí i tó tẹ̀ síwájú, tó fi etí lé dáṣíbọ́ọ̀dù, tó fi ọwọ́ lù ú jẹ́jẹ́, bí èèyàn ṣe ń jí ẹni tó sùn. Inú rẹ̀ dùn pé òun ti mọ ibi tó ń jò. Ó bojú wo àlùbọ́sà. Nígbà tó tún gbé ojú sókè, ìjókòó Ìyá ti ṣófo, bọ́nẹ́ẹ̀tì sì ti ṣí.

Ó sáré jáde.

Ìyá dúró níwájú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Ife omi wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún tó fi aṣọ wé yí ìdérí ike omi. Ìdérí náà ti ń ṣe ṣììì.

"Màámi! Ẹ yé e!" Ó gbá ọwọ́ náà mú, ó fa ìyá rẹ̀ sẹ́yìn, ife fò dà nù. Ó yí ìdérí padà, ó na ọwọ́ sínú mọ́tò, ó pa á. "Ṣé ẹ fẹ́ bó ara yín lójú ni? Omi tó ń hó ló wà níbẹ̀ yẹn!"

Ìyá kò wò ó. Kílámùbù méjèèjì ló ń wò.

"O ti fún un lọ́rùn," ó wí.

"Họ́òsì ni, Màámi. Hítà ló ń jò. Omi ló ń jò sí yín lẹ́sẹ̀. Omi náà ló wà lórí gíláàsì."

"Ṣé mo ní kì í ṣe omi ni? Ta ló ń bù ú?" Ìyá gbé ọwọ́ tí aṣọ wà sókè. "Bí omi bá wà, ó ń mí. Bí omi bá fẹ́ tán, èémí á máa já lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ike yìí. Ìgbà àkọ́kọ́, ó bó mi lọ́wọ́. Mo wá mọ̀ pé ọ̀sán ló dára kí n máa bù ú, tó bá ti tutù. Ṣùgbọ́n lónìí kò mí rárá, mi ò sì lè dúró dọ̀la."

"Ẹ mọ̀ pé omi ni, ẹ wá ń..."

"Kí lẹ fi ń fún un lẹ́mìí nílé ìwòsàn? Ṣebí họ́òsì ni, láti inú irin? Bí ọ̀kan bá tán, ẹ kì í ha gbé òmíràn wá? Kò sẹ́ni tó sọ pé ìyẹn kì í ṣe èémí rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ife nílẹ̀.

"Ẹ sì tì mí síta lọ́jọ́ yẹn," ni Ìyá wí. Kò pariwo. "Ìwọ lo ní kí wọ́n mú mi jáde."

"Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí i, Màámi."

"Mò ń gbọ́ ọ títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, mi ò gbọ́ mọ́. Wọ́n ṣí i, wọ́n ní ó ti lọ. Ìgbà wo ló lọ? Ní etí tèmi, kò tíì dáwọ́ dúró. Ó ṣì ń mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn."

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ fún àwọn ẹbí olóògbé níbi iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì. Ó mọ gbogbo wọn. Kò sọ ọ̀kankan. Ó tú kílámùbù méjèèjì, ó kó wọn sílẹ̀.

"Ẹ wọlé, Màámi."

Àwọn méjèèjì wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì tan ẹ́ńjìnnì. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, omi hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ìró náà sì bẹ̀rẹ̀, híìì, ó dúró, ó tú jáde. Ìkùukùu gun gíláàsì títí tí wọn kò fi rí ilé mọ́, tí wọn kò rí ògiri, tí kò sí nǹkan kan mọ́ ní ayé ju inú mọ́tò yẹn lọ.

"Ọkọ mi," ni Ìyá wí, bó ṣe máa ń pe ọmọ rẹ̀ látìgbà tó ti wà lórí ọmú. "Èmi rèé. Wọn ò tì mí síta mọ́."

Ó mí. Ó dúró. Ó mí.

"Pa á," ni Ìyá wí.

"Ṣé kí n pa á?"

"Pa á, kí n gbọ́."

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì kú, fáànù dúró. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná ṣì wà nínú hítà, ó ń wá ọ̀nà jáde. Ó mí, ìró rẹ̀ sì hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nínú ìdákẹ́jẹ́ náà. Ó dúró. Ó tún mí, kò lágbára tó ti ìṣáájú.

"Ṣé ó ti tán?"

"Ó kù díẹ̀, Màámi."

Ọwọ́ tí aṣọ wà lára rẹ̀ wá ọwọ́ Nọ́ọ̀sì kàn, ó dì í mú. Àárín èémí kan àti èkejì ń gùn sí i. Èyí tó kàn dé pẹ́, ó tín-ín-rín, bí ìgbà tí ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀ tó sì yí ọkàn padà. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n dúró. Omi fa ìlà wálẹ̀ lórí gíláàsì. Wọ́n ṣì dúró.

"Ó ti tán," ni Nọ́ọ̀sì wí. Ó ti sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn púpọ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì í mì. Lónìí, ó mì.

"Mo gbọ́," ni Ìyá dáhùn, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Dírẹ́bà na páìpù irin kúkúrú kan àti kílíìpù méjì sí i lórí ògiri. Nọ́ọ̀sì yọ họ́òsì méjèèjì kúrò lára hítà, ó fi páìpù náà so wọ́n pọ̀ kí omi má lè débẹ̀ mọ́, ó da kúláǹtì tuntun sí i, ó tan án, ó sì jẹ́ kí atẹ́gùn jáde tán.

"Aláìsàn yè," ni Dírẹ́bà wí. "Nọ́ọ̀sì gan-an ló yẹ kí wọ́n dá dúró sórí ibùsùn báyìí. Wo ojú rẹ!"

Nígbà tí Dírẹ́bà wọlé lọ, Nọ́ọ̀sì ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó jókòó sídìí sitiarín, ó ń ṣọ́ ọwọ́ aago ìgbóná. Ó gun dé àárín, ó dúró síbẹ̀. Gíláàsì mọ́. Ó ń wo Ìyá láàárín rẹ̀, lójú fèrèsé kíṣìnnì, tó dúró tó ń jẹ búrẹ́dì tí ẹnikẹ́ni kò fi lọ̀ ọ́. Àyẹ̀wò ti parí. Kò sí ohun tí mọ́tò náà tún ń ṣiṣẹ́ fún.

Ó tẹ̀ síwájú, ó fi etí lé dáṣíbọ́ọ̀dù. Atẹ́gùn gbígbẹ nìkan ló ń fẹ́ jáde, kò gbóná, kò sì ní òórùn kankan. Ó fi ọwọ́ lù ú jẹ́jẹ́.

Ìyá ṣí fèrèsé. "Nọ́ọ̀sì! Epo ń jó lásán o! Kí lo tún ń gbọ́ níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, Màámi," ó dáhùn. Kò tíì gbé etí kúrò níbẹ̀.